Tíì, kòkó, èso tàbí àlùbọ́sà: ìfiwéra fún ẹni tó ń wá flavonoid

Ẹ gbé ife kòkó méjì kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan pupa rúsúrúsú, ó korò, ó sì ń fa ahọ́n pọ̀. Ìkejì dúdú kirikiri, ó ń yọ̀ lọ ní ọ̀nà ọ̀fun. Bí wọ́n bá ní kí a yan èyí tó ṣe ara lóore jù, ọ̀pọ̀ wa ni yóò nawọ́ sí dúdú yẹn. Ojú ló tàn wá. Wọ́n ti fi èròjà kan tó jọ káún ṣe kòkó dúdú náà kí ìkorò rẹ̀ lè dínkù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú ìkorò yẹn gan-an ni flavonoid, èròjà inú ewéko tí à ń wá, wà.

Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ràn àwọn àkọsílẹ̀ tó kàn ń to orúkọ oúnjẹ: mu tíì, jẹ ápù, ó parí. Orúkọ kò tó fi yan nǹkan. Bí wọ́n ṣe ṣe oúnjẹ náà, ohun tí wọ́n bó kúrò lára rẹ̀, ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn, àti ìgbà tí a jẹ ẹ́, àwọn ló ń sọ iye tó máa dé inú ara. Nítorí náà, méjì méjì ni màá máa gbé wọn kalẹ̀ níhìn-ín, màá sì sọ èyí tí mo fara mọ́.

Kí ni nǹkan náà gan-an?

Flavonoid ni orúkọ àpapọ̀ fún àwọn èròjà tí ewéko ń ṣe fún àǹfààní ara rẹ̀: láti fi dáàbò bo ewé lọ́wọ́ oòrùn, láti fi lé kòkòrò, láti fi kun òdòdó àti èso. Èyí tí àwọn onímọ̀ ti mọ̀ ju 5,000 lọ. Ìdílé mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń pín àwọn tó wà nínú oúnjẹ sí. Flavanol ń gbé inú tíì àti kòkó. Flavonol (orúkọ àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì, ẹ má jẹ́ kó rú yín lójú) ń gbé inú àlùbọ́sà àti èèpo ápù. Anthocyanin ló ń pa àjàrà dúdú àti àwọn èso bẹ́rì láró. Flavanone wà nínú ọsàn, flavone wà nínú ewé parsley, isoflavone sì wà nínú ẹ̀wà sóyà.

Ní 1936, Albert Szent-Györgyi, ọmọ ilẹ̀ Hungary tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún tó tẹ̀ lé e, rò pé fítámì tuntun ni òun rí, ó sì pè é ní fítámì P. Orúkọ náà kò pẹ́ láyé. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1950, wọ́n ti pa á tì, nítorí kò sí àìsàn kan tó ń kọlu ènìyàn torí pé kò rí flavonoid jẹ. Ìyẹn ni pé a lè wà láàyè láìsí i. Ohun tí à ń bèèrè ni bóyá ara á túbọ̀ dá ṣáṣá pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ "antioxidant", èròjà tí wọ́n ní ó ń gbógun ti ohun tó ń ba ara jẹ́, títí tí etí yín fi kún. Èmi kì í fi ìyẹn yan oúnjẹ mọ́. Flavonoid tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ kéré gan-an, láàárín wákàtí díẹ̀ ni kíndìnrín sì ti ń tọ̀ ọ́ dànù; kò tó ohun tó lè máa gbógun káàkiri ara bí ìpolówó ṣe ń wí. Ní 2012, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀ yọ àtẹ máàkì antioxidant rẹ̀ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí pé máàkì inú ìgò ìdánwò kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ènìyàn, tí àwọn tó ń tajà sì ti sọ ọ́ di irinṣẹ́ ìpolówó.

Ohun tí ẹ̀rí tì lẹ́yìn dáadáa jù ni iṣẹ́ rẹ̀ lára iṣan ẹ̀jẹ̀. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú iṣan ń tú afẹ́fẹ́ kan tó ń jẹ́ nitric oxide jáde, òun ló ń mú kí iṣan dẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè kọjá. Flavanol ń ran awọ yìí lọ́wọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a jẹ ni kì í tilẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀ látòkè. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ dé ìfun ńlá, àwọn bakitéríà ibẹ̀ á gé e sí wẹ́wẹ́, ara á wá fa àwọn ègé wẹ́wẹ́ náà. Bakitéríà inú mi kì í ṣe ti inú yín, ìdí kan nìyẹn tí oúnjẹ kan náà fi ń ṣe ẹnì kan lóore ju ẹlòmíràn lọ.

Tíì aláwọ̀ ewé tàbí tíì dúdú?

Igi kan náà ni àwọn méjèèjì, Camellia sinensis. Iná ló yà wọ́n. Bí wọ́n bá já ewé náà tí wọ́n sì tètè mú un gbóná, ohun tó ń mú ewé dúdú á kú sínú rẹ̀, àwọ̀ ewé á dúró, catechin (flavanol inú tíì) á dúró pẹ̀lú. Bí wọ́n bá rún un tí wọ́n fi sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, á dúdú, catechin á sì so mọ́ ara wọn di èròjà mìíràn, theaflavin àti thearubigin, àwọn tó ń fún tíì ní àwọ̀ pupa yẹn.

Bó bá jẹ́ catechin nìkan lẹ ń wá, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní EGCG, tíì aláwọ̀ ewé ló borí, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú tíì dúdú. Ní ìlú Zutphen lórílẹ̀-èdè Netherlands, wọ́n tọpa àwọn ọkùnrin 805 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 65 sí 84 fún ọdún márùn-ún. Ìwádìí náà jáde ní 1993: àwọn tó ń jẹ flavonoid jù kò kú nítorí àrùn ọkàn tó àwọn tó ń jẹ díẹ̀. Níbo ni wọ́n ti ń rí i? Ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún wá láti inú tíì, 13 láti inú àlùbọ́sà, 10 láti inú ápù. Tíì dúdú lásán ni wọ́n ń mu o.

Èrò tèmi ni pé èyí tí ẹ lè mu láìsí ṣúgà ni kí ẹ mú. Tíì aláwọ̀ ewé tí ṣíbí ṣúgà mẹ́ta wọ̀, tíì dúdú òfìfo jù ú lọ. Tíì inú ìgò tó ti tutù nílé ìtajà wá lẹ́yìn pátápátá: catechin rẹ̀ sábà máa ń ti wọ́gbẹ́, ṣúgà ló sì ń bo ẹnu mọ́lẹ̀. Tíì chamomile kì í ṣe tíì rárá, òdòdó mìíràn ni, ìdílé flavone sì ni tirẹ̀. Ó dára ní alẹ́ torí pé kò ní káféènì.

Mílíìkì ńkọ́? Níbi ìwádìí kékeré kan tí wọ́n ṣe ní Jámánì ní 2007 pẹ̀lú obìnrin 16, tíì dúdú mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bu mílíìkì sí i, àǹfààní náà pòórá. Àwọn ìwádìí mìíràn sì wà tó fi hàn pé mílíìkì kò dí catechin lọ́nà inú ẹ̀jẹ̀. Ẹjọ́ náà kò tíì parí. Ẹni tó ń mu ife mẹ́ta lóòjọ́ lè fi mílíìkì sí méjì, kó mu ọ̀kan ní òfìfo, kò sí ohun tó bàjẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ju ti mílíìkì lọ ni ti èròjà irin. Bí a bá mu tíì mọ́ oúnjẹ, ó máa ń di irin inú ẹ̀wà àti ewébẹ̀ mú gírígírí, ara kò ní rí púpọ̀ fà níbẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, aláboyún, àti obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ máa ń pọ̀, kí wọ́n jẹun tán, kí wákàtí kan kọjá, kí wọ́n tó gbé ife. Kí ẹ sì jẹ́ kó tutù díẹ̀: ní 2016, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ sọ pé ohun mímu tó gbóná kọjá 65°C wà lára ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun. Ooru ni wọ́n bá wí, kì í ṣe tíì.

Ìyẹ̀fun kòkó tàbí ṣokoléètì?

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ife méjì àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n wọn ìyẹ̀fun kòkó oríṣiríṣi ní 2008, èyí tí wọ́n kò fi èròjà káún ṣe ní flavanol bíi mílígírámù 34.6 nínú gírámù kan. Èyí tí wọ́n ṣe díẹ̀ ní 13.8. Èyí tí wọ́n ṣe gan-an ní 3.9 péré. Kòkó kan náà, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́sàn-án! Ẹ yí páálí náà kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ "alkali" tàbí "Dutch", ẹ dá a padà sórí pẹpẹ, àyàfi bó bá jẹ́ àwọ̀ kéèkì lẹ ń wá.

Ìdá kòkó tí wọ́n kọ sára ṣokoléètì, 70 tàbí 85 nínú ọgọ́rùn-ún, kì í ṣe òṣùwọ̀n flavanol. Iye kòkó àti ọ̀rá kòkó ló ń sọ, kò sọ bí wọ́n ṣe yan hóró rẹ̀ tàbí bóyá káún kàn án. Ó kàn jẹ́ pé ṣúgà á kéré níbi tí ìdá náà bá ti ga. Ṣokoléètì onímílíìkì, ẹ jẹ ẹ́ fún adùn, ẹ má fi ìlera ṣàwáwí.

Àwọn aláṣẹ oúnjẹ ilẹ̀ Yúróòpù gbà ní 2012 pé mílígírámù 200 flavanol kòkó lóòjọ́ ń ran ìdẹ̀ iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Bí kòkó náà bá jẹ́ èyí tí flavanol rẹ̀ pọ̀ dáadáa, gírámù bíi 2.5 ti tó, kò tilẹ̀ tó ṣíbí kékeré kan. Ìdánwò tó tóbi jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní COSMOS, ní Amẹ́ríkà: àgbàlagbà 21,442, àwọn kan ń gba mílígírámù 500 flavanol kòkó lójoojúmọ́, àwọn yòókù ń gba kápúsù tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2022. Àpapọ̀ àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti àwọn ìbátan wọn dínkù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí a lè fi búra, ó lè jẹ́ kòńgẹ́. Ikú tí àrùn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ń fà dínkù ní ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìròyìn ayọ̀ ni, àmọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ìdánwò náà wá ní pàtàkì, nítorí náà ẹ má tíì lu ìlù. Kápúsù ni wọ́n lò pẹ̀lú, kì í ṣe ṣokoléètì.

Ìyẹ̀fun kòkó tí káún kò kàn ni mo mú. Ibì kan ṣoṣo tí mo ti ń ṣọ́ra ni cadmium, irin olóró tí igi kòkó máa ń fà láti inú ilẹ̀ kan. Ó máa ń pọ̀ nínú èyí tó korò ju nínú onímílíìkì lọ, torí pé kòkó ló pọ̀ níbẹ̀. Ṣíbí kan lóòjọ́ fún àgbàlagbà kò ní í lẹ́rù. Fún ọmọdé àti aláboyún, kó má di ojoojúmọ́.

Èso odindi tàbí omi èso?

Èyí kò le. Wọ́n tọpa ènìyàn 187,382 ní Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2013. Àwọn tó ń jẹ blueberry, àjàrà àti ápù ní odindi kò ní àtọ̀gbẹ tó àwọn tí kì í jẹ wọ́n. Àwọn tó ń mu omi èso lójoojúmọ́ ní i ju àwọn tó kù lọ. Èso kan náà, ọ̀nà méjì. Bí a bá fún un, fáíbà rẹ̀ á lọ, ṣúgà rẹ̀ á máa sáré wọ ẹ̀jẹ̀, flavonoid tó wà lára èèpo á sì bá pàǹtírí lọ. Ti ọsàn tilẹ̀ burú díẹ̀: awọ funfun tí à ń fi èékánná ya dànù lára ẹ̀bẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni hesperidin, flavanone ọsàn, pọ̀ sí jù.

Iye tí a jẹ náà ní ìtumọ̀. Níbi ìdánwò oṣù mẹ́fà kan tó jáde ní 2019, àwọn tí ìwọ̀n ara àti ṣúgà wọn ti ń lọ sókè gba ìyẹ̀fun blueberry tó dọ́gba pẹ̀lú gírámù 150 èso tútù lójoojúmọ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn sì dẹ̀ dáadáa. Àwọn tó gba ìdajì rẹ̀ kò rí ìyípadà. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni kò sì yí padà, bó ti wù kó jẹ tó.

Bí ẹ bá máa ń lọ èso pọ̀ nínú ẹ̀rọ, ẹ fetí sí èyí. Nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni ẹ́ńsáìmù kan wà tó ń sọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a bó di dúdú. Ẹ́ńsáìmù yìí kan náà ń jẹ flavanol run. Ní 2023, àwọn olùwádìí fi ohun mímu tí wọ́n lọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí wé flavanol inú kápúsù: èyí tó dé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó mu ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti kápúsù. Èso bẹ́rì kò ní ẹ́ńsáìmù náà púpọ̀, kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má lọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ kòkó tàbí bẹ́rì bó bá jẹ́ pé flavanol lẹ torí rẹ̀ lọ̀ ọ́. Ẹ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín lọ́tọ̀, oúnjẹ gidi ni.

Àlùbọ́sà tàbí ápù?

Quercetin, ọ̀kan lára àwọn flavonol, ni àwọn méjèèjì fi ń ṣe fáàrí. Àlùbọ́sà ló borí, lọ́nà méjì: ó ní jù, ara sì ń fa tirẹ̀ ju ti ápù lọ, nítorí irú ṣúgà tó so mọ́ quercetin inú rẹ̀. Pupa àti onírúsúrúsú dára ju funfun lọ. Awọ ìta ló ní jù, nítorí náà ẹni tó bá ń bó àlùbọ́sà títí tó fi ku ọmọ inú, ó ti ju oore nù. Bíbọ̀ ń tú quercetin sínú omi. Bí ẹ bá mu omi ọbẹ̀ náà, kò sọnù. Díndín àti yíyan kì í bà á jẹ́ púpọ̀.

Ti ápù kúkúrú: ẹ fọ̀ ọ́, ẹ má bó o. Èèpo ni quercetin rẹ̀ wà. Ohun tí ápù fi ju àlùbọ́sà lọ ni pé kò sẹ́ni tó ń jẹ odindi àlùbọ́sà nígbà tí ebi bá ń pa á láàárín ọ̀sán.

Wáìnì pupa tàbí àjàrà?

Àjàrà. Anthocyanin wà nínú wáìnì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọtí wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọtí sì ń fa jẹjẹrẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2023 pé kò sí ìwọ̀n ọtí kan tí a lè pè ní aláìléwu. Resveratrol tí wọ́n máa ń fi polówó wáìnì kì í tilẹ̀ ṣe flavonoid.

Sóyà

Ọ̀tọ̀ ni ti sóyà, torí pé isoflavone rẹ̀ jọ homonu obìnrin díẹ̀. Àwọn bakitéríà inú ìfun kan ń sọ ọ́ di equol, tó lágbára jù ú lọ. Ní àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀ oòrùn ayé, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin sí mẹ́ta péré ló ní irú bakitéríà bẹ́ẹ̀; ní Japan àti àyíká rẹ̀, ó tó ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ní sóyà lé ooru ìdádúró nǹkan oṣù lọ fún òun, tí ti yín kò sì lọ, irọ́ kọ́ ló pa.

Oúnjẹ tàbí kápúsù?

Wọ́n tọpa àwọn ará Denmark 56,048 fún ọdún 23. Àwọn tó ń jẹ flavonoid jù kò tètè kú tó àwọn yòókù, àǹfààní náà sì hàn jù lára àwọn amusìgá àti àwọn tó ń mutí gan-an. Lẹ́yìn nǹkan bíi mílígírámù 500 lóòjọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ ga sí i mọ́. Ife tíì kan, ápù kan, ọsàn kan, gírámù 100 blueberry àti gírámù 100 broccoli ti kájú ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń jẹ ápù lè jẹ́ ẹni tó ń tètè sùn, tó sì ń rìn kiri. Irú ìwádìí yìí kò lè ya wọ́n sọ́tọ̀ tán. Síbẹ̀, oúnjẹ tó wà níbẹ̀ kò léwu fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Kápúsù kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣejù wà nínú rẹ̀. Àwọn aláṣẹ oúnjẹ ilẹ̀ Yúróòpù kan náà kéde ní 2018 pé EGCG láti inú kápúsù tíì, bó bá tó mílígírámù 800 lóòjọ́, máa ń mú kí àmì ìpalára ẹ̀dọ̀ yọ nínú ẹ̀jẹ̀. Tíì tí a fi omi gbígbóná rẹ kì í sábà fa irú wàhálà bẹ́ẹ̀, ara ń gbà á díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí ẹ bá ń mu kápúsù tíì láti fi fọn, tí ojú yín bá pọ́n bí ìyeyè tàbí tí ìtọ̀ yín dúdú, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ rí dókítà.

Bí ẹ bá ń lo oògùn

Gíréèpù, ọsàn ńlá tó korò díẹ̀ yẹn, ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè nípa rẹ̀. Ní 1989 ni àwọn olùwádìí ní Kánádà ṣàdédé rí i pé omi rẹ̀, tí wọ́n kàn fi bo adùn ọtí mọ́lẹ̀ nínú ìdánwò kan, ń mú kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń jẹ́ felodipine pọ̀ rékọjá ààlà nínú ẹ̀jẹ̀. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí simvastatin àti atorvastatin tí à ń lò fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú. Furanocoumarin ni ọ̀daràn náà, kì í ṣe flavonoid, ṣùgbọ́n inú èso kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Kí a mu oògùn láàárọ̀ kí a wá mu gíréèpù lálẹ́ kò yọ ọ́, torí agbára rẹ̀ máa ń ju ọjọ́ kan lọ. Ọsàn tí à ń jẹ lójoojúmọ́ kò ní ìṣòro yìí.

Tíì aláwọ̀ ewé ń ṣe òdìkejì fún nadolol, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn: ó ń dí i lọ́nà, oògùn náà kò wá ní í ṣiṣẹ́ tó. Ẹ dárúkọ tíì yín fún apòògùn bí ẹ ṣe ń dárúkọ àwọn oògùn yín yòókù.